Ojúṣe Òǹtàwé Lórí Ìwé Ìṣekúṣe Níwájú Ọmọdé

  



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀ràn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí kékeré, ṣùgbọ́n tí kò kéré rárá. Ọ̀ràn ìwé títà ni. Òwò rere ni ìwé títà. Bí kò bá sí àwọn òǹtàwé, àwa tí a ń kọ́ni ní ilé-kéwú kì bá tí rí ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí kì bá tí mọ ibi tí wọn yóò ti ra ìwé ìṣirò àti ìwé kíkà fún ọmọ wọn. Òǹtàwé jẹ́ ìránṣẹ́ ìmọ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ohun tí ó wà lórí àtẹ rẹ̀ bá lè ba ọmọ jẹ́.

Ẹ wo àtẹ ìwé ní àkókò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé. Àwọn ọmọ á tò síwájú rẹ̀, òmíràn pẹ̀lú ìyá rẹ̀, òmíràn ní òun nìkan pẹ̀lú owó tí wọ́n ká sínú ìwé pélébé tí wọ́n kọ orúkọ ìwé sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Aláwìyé àti ìwé àjákọ ni ẹ ó ti rí ìwé ìtàn kan tí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin àti obìnrin tí kò wọ aṣọ tó bo ara. Ẹ wo àwọn ìwé àlòkù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, irú èyí tí ó wà ní Yaba ní ìlú Èkó. Ìwé òfin, ìwé àwòrán ọmọdé àti ìwé ìfẹ́ oníhòhò lè gorí ara wọn níbẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì wà, ojú ọmọ ọdún mẹ́fà ló sún mọ́ wọn jù lọ. Kò sí ẹni tí ó pinnu láti ba ọmọ náà jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pinnu láti dáàbò bò ó náà.

Ìbéèrè wa ni èyí: kí ni ó yẹ kí òǹtàwé tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun ṣe nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọmọdé ń wọlé tí ó ń jáde níwájú rẹ̀?

ORÍṢI ÌWÉ MẸ́TA NI, WỌN KÌ Í ṢE Ọ̀KAN NÁÀ

Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí a ṣe ni kí a ya ìwé kúrò lára ìwé. Ẹni tí ó bá ka gbogbo ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìbálòpọ̀ sí ìwé ìṣekúṣe yóò ṣìnà. Ẹni tí ó bá sì sọ pé ìwé ni gbogbo ìwé ń jẹ́ náà yóò ṣìnà.

Oríṣi kìn-ín-ní ni ìwé tí wọ́n kọ, tàbí tí wọ́n ya àwòrán sí, láti ru ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ sókè. Kò ní ẹ̀kọ́ kan tí ó ń kọ́ni, kò sì ní ìtàn kan tí ó dúró lẹ́yìn tí a bá yọ ìhòhò kúrò nínú rẹ̀. Èyí ni ìwé ìṣekúṣe gan-an.

Oríṣi kejì ni ìwé àgbà. Nínú èyí ni ìwé tí ó kọ́ tọkọtaya bí wọn yóò ṣe máa bá ara wọn gbé, ìwé àwọn dókítà, àti ìwé ìtàn tí ó ní láárí ṣùgbọ́n tí apá kan nínú rẹ̀ kò yẹ fún ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: irú ìwé tọkọtaya bẹ́ẹ̀ wà lórí àtẹ àwọn Mùsùlùmí náà, ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, lẹ́bàá tẹ̀sùbáà àti Kàídà tí ọmọ ń fi kọ́ álífù. Ohun tí ó wà nínú wọn lè jẹ́ hàlálì fún ẹni tí ó ti gbéyàwó. Síbẹ̀, ibi tí wọ́n gbé e sí kò dára.

Oríṣi kẹta ni ìwé ẹ̀kọ́ nípa ara ẹni. Ìwé tí ó ṣàlàyé nǹkan oṣù fún ọmọbìnrin, tí ó ṣàlàyé àlá tí ń sọ ìwẹ̀ di ọ̀ranyàn fún ọmọkùnrin, tí ó sì kọ́ ọmọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibi ìkọ̀kọ̀ ara òun. Irú ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Àwọn tí wọ́n ti ka ìwé Al-Akhdarī ní ilé-kéwú mọ̀ pé ìmọ́tótó ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fíkìhì rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ nípa jánábà àti nǹkan oṣù láìfi bò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Risālah ti Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī, ẹni tí ó kú ní ọdún 386 Híjírà (996). Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àlùfáà wa ti ń fi àwọn ìwé wọ̀nyí kọ́ ọmọ. Ìwé wọ̀nyí sọ ohun tí ó yẹ kí a mọ̀, wọ́n sì dákẹ́ níbi tí ìmọ̀ parí sí. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yàtọ̀ sí ìwé oríṣi kìn-ín-ní.

OHUN TÍ ÌSÌLÁÀMÙ KỌ́ WA

Ẹ ṣí Súratun-Nūr, Súrà kẹrìnlélógún. Ní āyah 19, Ọlọ́hun ṣèlérí ìyà ẹlẹ́ta-eléro, ní ayé àti ní ọ̀run, fún àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ìwà ìbàjẹ́ tàn kálẹ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ẹni tí ó ṣe ìbàjẹ́ nìkan ni āyah náà ń bá wí. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i pé kí ó tàn. Báwo wá ni ti ẹni tí ó ń jẹ èrè títàn rẹ̀?

Ẹ lọ sí āyah 58 àti 59 nínú Súrà kan náà. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bàlágà máa tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé tọ àwọn àgbà ní ìgbà mẹ́ta: ṣáájú ìrun Súbúhì, ní ọ̀sán nígbà tí àwọn àgbà bá bọ́ aṣọ, àti lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Nígbà tí wọ́n bá sì bàlágà, kí wọ́n máa tọrọ àyè ní gbogbo ìgbà. Kí ni ìdí rẹ̀? Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín tọkọtaya nínú yàrá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Hàlálì ni, láádá sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ Ọlọ́hun kò fẹ́ kí ojú ọmọ já lù ú. Ilẹ̀kùn ni Ó fi sí àárín ọmọ àti ohun tí kò tíì tó o. Nítorí náà, bí a bá ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ọmọ, tí a wá tẹ́ ìwé tí ó ṣàpèjúwe inú yàrá náà sílẹ̀ fún un ní ọjà, ilẹ̀kùn wo ni a tì?

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ọ̀rọ̀ lásán ni, kì í ṣe ojú ni ó fi rí i.” Hádíìsì tí Ibn Mas‘ūd gbà wá, tí ó wà nínú Bukhārī, dá a lóhùn. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún obìnrin pé kí ó má ṣe ṣàpèjúwe ara obìnrin mìíràn fún ọkọ rẹ̀ débi tí yóò fi dà bí ẹni pé ọkùnrin náà ń wò ó. Ẹ rí i pé Ìsìláàmù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè ṣe iṣẹ́ ojú. Ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu lè ṣe, ọ̀rọ̀ inú ìwé lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọmọ lè kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

Nínú hádíìsì tí Abū Mūsā al-Ash‘arī gbà wá, tí Bukhārī àti Muslim jọ gbé jáde, Ànábì fi alábàárìn rere wé ẹni tí ó gbé lọ́fínńdà mísíkì, ó sì fi alábàárìn búburú wé ẹni tí ń fẹ́ ẹwìrì. Bí o kò bá ra mísíkì lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, o ó gbóòórùn dídùn. Bí ti èkejì kò bá jó ọ láṣọ, o ó gbóòórùn burúkú. Bí ọ̀ràn ilé ìtàwé ṣe rí gan-an nìyí. Ọmọ tí kò ra nǹkankan yóò ṣì gbé nǹkan kan lọ sílé nínú ojú àti ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Umm Sulaym tọ Ànábì lọ, ó ní Ọlọ́hun kì í tijú òdodo, ó sì bèèrè bóyá ìwẹ̀ di dandan fún obìnrin tí ó bá lálàá. Ànábì kò lé e, kò sì bú u. Ó dá a lóhùn. Iyá wa Ā’ishah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sì yin àwọn obìnrin Ánsárì pé ìtìjú kò dí wọn lọ́wọ́ láti kọ́ ẹ̀sìn wọn. Ìtìjú jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́, bí Ànábì ti sọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí ó bá sọ ọmọ di aláìmọ̀kan kì í ṣe irú èyí tí ó yìn.

ÌPELE NI ỌJỌ́ ORÍ ỌMỌ

Súratun-Nūr āyah 31 sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí kò tíì mọ ohunkóhun nípa ìhòhò obìnrin. Āyah 58 sọ nípa èyí tí kò tíì bàlágà. Āyah 59 sọ nípa èyí tí ó bàlágà. Nínú hádíìsì tí ó wà nínú Abū Dāwūd, ọmọ ọdún méje ni a ń pàṣẹ ìrun fún, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni a sì ń ya ibùsùn rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ rí i pé Ìsìláàmù kò ka ọmọ ọdún mẹ́rin àti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sí ọ̀kan náà. Ohun tí ó jẹ́ ewu fún èkínní lè jẹ́ ohun tí ó di dandan kí èkejì mọ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje: ìwé àwòrán, ìtàn àti Kàídà ni tirẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kékeré nípa ibi ìkọ̀kọ̀ ara rẹ̀. Láti ọdún méje sí mẹ́wàá: ẹ̀kọ́ àlùwàlá, ìmọ́tótó àti ìbora. Láti ìgbà tí ó bá ń súnmọ́ bíbàlágà: àlàyé nípa ìyípadà ara, kí nǹkan oṣù tàbí àlá tó dé bá a, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ń múra ìgbéyàwó: ìwé tọkọtaya. Òǹtàwé tí ó bá mọ ìpele wọ̀nyí yóò mọ ibi tí yóò gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sí.

OHUN TÍ ÒFIN AYÉ TI SỌ

Ní orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà, láti ọdún 1961 ni òfin ti wà tí ó ka títẹ ìwé ìṣekúṣe jáde sí ẹ̀ṣẹ̀, òmíràn sì wà ní ọdún yẹn kan náà lórí ìwé tí ó lè pa ọmọdé lára. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 tún dẹ́kun kíkó irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ̀lú, ọmọdé lójú òfin yìí sì ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Nítorí náà, òǹtàwé tí ó bá sọ pé kò sí òfin, kò mọ̀ ni. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò mú òfin náà dé ibi àtẹ ìwé.

Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ní ọdún 1965, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sam Ginsberg, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ìpínlẹ̀ New York, ta ìwé ìròyìn oníhòhò méjì fún ọmọkùnrin ọdún 16. Òfin ìpínlẹ̀ náà kọ̀ ọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, ní ọdún 1968 sì ni àwọn adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án gbè sẹ́yìn òfin náà. Wọ́n ní ìwé tí òfin kò kọ̀ fún àgbà, ìjọba lè kọ̀ ọ́ fún ọmọdé. Orílẹ̀-èdè tí ó ń fi òmìnira ìwé kíkọ yangàn gbà pé ọmọdé yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n òfin tí kò ní ìwọ̀n náà wà. Ní ọdún 2023, Ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà ṣe òfin tí yóò fi ìyà jẹ òǹtàwé àti olùtọ́jú ilé ìkàwé tí ó bá jẹ́ kí ìwé tí ó lè pa ọmọdé lára wà ní àrọ́wọ́tó wọn. Àwọn òǹtàwé àti olùtọ́jú ìwé pẹjọ́. Wọ́n ní òfin náà kò ya ọmọ ọdún márùn-ún sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ọdún 17, ìbẹ̀rù rẹ̀ yóò sì mú kí wọ́n máa kó ìwé rere kúrò lórí pẹpẹ, tàbí kí wọ́n máa lé ọmọdé kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Adájọ́ dá òfin náà dúró ní oṣù July 2023, ó sì fagi lé e ní oṣù December 2024. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Ẹni tí ó fẹ́ pa eṣinṣin kò gbọdọ̀ fi òòlù pa á lórí dígí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò ní ilé ẹjọ́ nínú. Ní Ìlú Ọba ní ọdún 2013, àwọn ilé ìtajà Co-operative sọ fún àwọn tí ń tẹ ìwé ìròyìn oníhòhò pé kí wọ́n máa dì í sínú àpò tí yóò bo àwòrán iwájú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn kò ní tà á mọ́. Òǹtajà ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó lè wà lórí pẹpẹ rẹ̀. Ní tiwa, dídì kò tó fún ohun tí ó jẹ́ hàrámù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé agbára yìí wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní àtẹ.

OHUN TÍ ÒǸTÀWÉ GBỌ́DỌ̀ ṢE

1. Kí ó mọ ohun tí ó ń tà. Kò sí ẹni tí ó lè ka gbogbo ìwé tán, ṣùgbọ́n àwòrán iwájú, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé àti ojú ìwé díẹ̀ láàárín yóò sọ púpọ̀. Ẹni tí ń ra ìwé àlòkù ní páálí-páálí gbọ́dọ̀ tú u, kí ó ṣà á, kí ó tó tẹ́ ẹ.

2. Ìwé oríṣi kìn-ín-ní, kí ó má tà á rárá, ì báà ṣe fún àgbà. Hádíìsì Ibn ‘Abbās tí ó wà nínú Abū Dāwūd kọ́ wa pé ohun tí Ọlọ́hun bá ṣe ní èèwọ̀ fún àwọn ènìyàn kan, Ó ti ṣe owó rẹ̀ náà ní èèwọ̀. Bí ó bá bá irú rẹ̀ nínú páálí tí ó rà, kí ó fà á ya, kí ó sì sun ún. Kí ó má tà á fún òǹtàwé mìíràn. Kí ó má sì fún alákàrà tàbí ẹlẹ́pà, nítorí pé ojú ìwé tí a fi wé àkàrà, ọwọ́ ọmọdé ni ó máa ń bọ́ sí, ọmọ á sì kà á kí ó tó jù ú nù.

3. Ìwé àgbà, kí ó gbé e sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, sókè ju orí ọmọ lọ, kí ẹ̀gbẹ́ ìwé kọjú síta dípò àwòrán iwájú. Ìwé ọmọdé ni kí ó wà nísàlẹ̀ níwájú. Kàídà àti ìwé tọkọtaya kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn lórí àtẹ.

4. Bí ìwé rere bá ní àwòrán tí kò bójú mu, kí ó fi bébà bò ó. Kí ó má lẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ògiri láti fi fa oníbàárà.

5. Bí ọmọ bá wá ra ìwé àgbà, kí ó bèèrè ẹni tí ó rán an. Bí ó bá jẹ́ àgbà ni ó rán an lóòótọ́, kí ó ní kí àgbà náà wá fúnra rẹ̀, tàbí kí ó pè é lórí fóònù. Kí ó má pariwo mọ́ ọmọ náà lójú àwọn ènìyàn. Ọmọ tí a dójú tì yóò lọ ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ibi tí wọn kò ti ní bèèrè nǹkankan.

6. Bí ọmọ tí ó ti ń bàlágà bá wá bèèrè ìwé nípa ara rẹ̀, kí ó má lé e. Kí ó fún un ní èyí tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, kí ó sì gbà á níyànjú pé kí ó fi han ìyá rẹ̀ tàbí olùkọ́ rẹ̀. Bí obìnrin bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, òun ni kí ó dá ọmọbìnrin lóhùn.

7. Kí ó kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo èyí. Àtẹ tí ọ̀gá tò ní àárọ̀, ọmọṣẹ́ lè tú u ká kí ó tó di ọ̀sán.

ÀWÁWÍ TÍ A SÁBÀ MÁA Ń GBỌ́

“Bí mi ò bá tà á, ẹlòmíràn á tà á.” Òtítọ́ ni. Ẹlòmíràn náà ni yóò sì dáhùn fún un. Nínú hádíìsì Ibn ‘Umar, Ànábì sọ pé olúkúlùkù wa ni olùṣọ́, a ó sì bi kálukú léèrè nípa ohun tí ó ń ṣọ́. Àtẹ rẹ ni a ó bi ọ́ léèrè, kì í ṣe àtẹ ẹni kejì.

“Fóònù ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kí ni ìwé tún kù?” Òótọ́ ni pé ohun tí ó wà nínú fóònù burú ju ohun tí ó wà lórí àtẹ lọ, iṣẹ́ sì ń bẹ lọ́rùn àwa òbí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ń jò ní ibi mẹ́ta, ẹni tí ó lè dí ẹyọ kan kò ní sọ pé òun kò ní dí i nítorí méjì tí ó kù. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọmọ kò bá rí ìdáhùn rere nínú ìwé, ọ̀dọ̀ fóònù náà ni yóò lọ bèèrè.

“Kì í ṣe ọmọ mi.” Àwọn àgbà wa ti dá èyí lóhùn: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn kò sọ pé ọmọ ta ni.

“Owó ilé ń bẹ nínú rẹ̀.” Èyí ni ó le jù, a kò sì ní fi ṣeré. Ìwé tí ó máa ń tà kíákíá lè jẹ́ èyí tí ó burú jù, ọmọ òǹtàwé náà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n Súratut-Talāq āyah 2 àti 3 ṣèlérí pé ẹni tí ó bá bẹ̀rù Ọlọ́hun, Ọlọ́hun yóò ṣe ọ̀nà àbáyọ fún un, yóò sì pèsè fún un láti ibi tí kò lérò. Àwa tí a kù náà lè jẹ́ apá kan nínú ọ̀nà àbáyọ yẹn, bí a ó ti ṣàlàyé nísàlẹ̀ yìí.

ISẸ́ TÍ Ó KÙ SỌ́WỌ́ ẸYIN Ọ̀DỌ́

Àwọn kan nínú yín ń bá ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá tàwé. Bí wọ́n bá ní kí o ta ohun tí ó jẹ́ hàrámù, bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ìwé yòókù sí ìkáwọ́ rẹ. Fi hàn án pé ìwé ọmọdé tí a tò dáradára máa ń fa àwọn òbí wá. Bí kò bá gbọ́, bẹ̀rẹ̀ sí wá iṣẹ́ mìíràn, má sì fi ìbínú kúrò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ẹnu wọn tutù, kí wọ́n lọ bá àwọn òǹtàwé àdúgbò yín. Kí wọ́n kí i, kí wọ́n ra nǹkan, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹ má da àtẹ ẹnikẹ́ni nù, ẹ má sì dáná sun ọjà ọlọ́jà. Hádíìsì tí ó sọ nípa fífi ọwọ́ yí ìbàjẹ́ padà kò sọ wá di aláṣẹ lórí dúkìá ẹlòmíràn. Ẹnu ni tiwa. Àwọn aláṣẹ sì ń bẹ fún ẹni tí ó bá ń ta ìwé oníhòhò fún ọmọdé tí kò sì gba ìmọ̀ràn. Òǹtàwé tí ó bá tún àtẹ rẹ̀ tò, kí ẹgbẹ́ máa ra ìwé ilé-kéwú àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní àsàlátù. Báyìí ni a fi ń ran ara wa lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ rere, gẹ́gẹ́ bí Súratul-Mā’idah āyah 2 ti pa á láṣẹ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti òbí, ẹ má jẹ́ kí òǹtàwé jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ọmọ yín yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ní àsìkò, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó mọ́, kí ìwé tó bá wọn sọ èyí tí kò mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÀSÀLÁTÙ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìwé ìṣekúṣe àti ìwé ẹ̀kọ́ nípa ara ẹni? Ẹ fi ohun tí ẹ ti kà ní ilé-kéwú ṣe àpẹẹrẹ.

2. Kí ni āyah 58 àti 59 nínú Súratun-Nūr kọ́ wa nípa ọjọ́ orí ọmọ?

3. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá kan wá bèèrè ìwé nípa nǹkan oṣù ní ṣọ́ọ̀bù yín, àwọn ọkùnrin sì dúró níbẹ̀. Kí ni ẹ ó ṣe?

4. Kí ló dé tí adájọ́ fi fagi lé òfin Arkansas? Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa?

5. Òǹtàwé mélòó ni ó wà ní àdúgbò yín? Àwọn wo ni yóò lọ bá wọn, ní ọjọ́ wo?

Kí Ọlọ́hun Ọba pa ojú àti ọkàn àwọn ọmọ wa mọ́, kí Ó fi ìbùkún sí òwò àwọn òǹtàwé tí wọ́n bẹ̀rù Rẹ̀, kí Ó sì jẹ́ kí ìmọ̀ wa ṣe wá ní àǹfààní. Āmīn.